Wíwọn nǹkan ní 28 GHz láìra VNA olówó gọbọi: ta ló ti ṣe é ní Àbújá tàbí ní Òkè Ọya?

Ọmọ Ìkírun ní Lugbe · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ẹnìkejì mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lugbe níbí. Ìdérí oníke (polyethylene) tí wọ́n fi ń bo áńtẹ́nà la ń ṣe, kí òjò àti eruku má bàa wọ̀ ọ́. Oníbàárà kan wá ní kí a ṣe ti áńtẹ́nà 28 GHz fún òun. Ó fẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye báyìí ni ìdérí ń jẹ lára ìgbì tó gba inú rẹ̀ kọjá, iye báyìí ló sì ń dá padà. VNA (ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì sínú nǹkan, tó sì ń ka èyí tó kọjá àti èyí tó padà) tí a ní kò kọjá 6 GHz, àwọn kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ni.

A béèrè iye èyí tó dé 40 GHz. Nígbà tí ìwé iye owó dé, ẹnìkejì mi kà á tán, ó pa á dé, kò sọ̀rọ̀. Owó ilẹ̀ ni, kì í ṣe owó irinṣẹ́. A wá gbé ìdérí mẹ́ta lọ fún àwọn kan tó ní irú ẹ̀rọ náà. Nínípọn àwọn ìdérí ọ̀hún kò dọ́gba: 1.8 mm, 2.5 mm àti 3.5 mm. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí àlàyé bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ó dùn mí gan-an, nítorí mi ò lè gbé nọ́ńbà tí mi ò mọ orísun rẹ̀ síwájú oníbàárà kí n sì fi orúkọ mi sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà wà tí èèyàn lè gbà wọn ìgbì mìlímítà pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́?

---

Túndé Gwarinpa · Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí oníbàárà ń béèrè gan-an. Bó bá jẹ́ iye agbára tó kọjá nìkan ni, ẹ ò nílò VNA rárá. Ẹ wá orísun ìgbì kan, ẹ gbé horn méjì (áńtẹ́nà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ti fèrè) kojú ara wọn, ẹ fi diode tó ń ka agbára sí ẹ̀yìn èkejì. Ẹ kà á nígbà tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn, ẹ gbé ìdérí sáàárín, ẹ tún kà á. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ohun tí ẹ ń wá.

Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni pé ìgbì máa ń ta lọ ta bọ̀ láàárín horn àti ìdérí. Bí ẹ bá sún ìdérí díẹ̀, nọ́ńbà á gòkè tàbí kó wálẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ sún un ní 2.7 mm, ẹ tún kà á, ẹ wá pín àròpọ̀ wọn sí méjì. 2.7 mm yẹn ni ìdámẹ́rin gígùn ìgbì 28 GHz. Ohun tí kíkà àkọ́kọ́ fi kún un, ìkejì á yọ ọ́ kúrò.

---

Àǹtí Ìgbì, Zaria · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Túndé, ó dára, ọ̀nà tó o sọ yẹn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà fẹ́ mọ èyí tó ń padà pẹ̀lú, ibẹ̀ ni diode nìkan ò ti ní tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìdérí dá padà, ẹ ní láti yọ ohun tí horn fúnra rẹ̀ àti ògiri yàrá ń dá padà kúrò. Ẹ ò sì lè yọ ọ́ bí ẹ ò bá mọ phase rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìgbì dé nínú gígòkè àti wíwálẹ̀ rẹ̀. Agbára méjì tí phase wọn yàtọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń yọ kúrò lára ara wọn bí owó.

Ọmọ Ìkírun, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó mú owó gun àwọn ẹ̀rọ yìí. Àwọn èèyàn rò pé inú àpótí ni gbogbo owó wà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lẹ́nu wáyà. Connector (ohun tí a fi ń so ẹnu wáyà) SMA ò yẹ ní lílò kọjá 18 GHz. Èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 2.92 mm dé 40, 1.85 mm dé 67, 1.0 mm dé 110 GHz. Bí ihò ṣe ń kéré sí i ni owó ń pọ̀ sí i, nítorí pé ìdínkù tàbí àlékún tí ojú ò lè rí ti tó láti ba nọ́ńbà jẹ́. Calibration kit (àwọn ohun tí a mọ ìwọ̀n wọn, tí a fi ń tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà kó tó wọn nǹkan) tí ẹ rí tó wọ́n bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ń rà ni pé ẹnì kan ti wọn ohun kékeré wọ̀nyẹn fínnífínní, ó sì ti fọwọ́ sí i.

Nínú waveguide, ọ̀pá oníhò tí ìgbì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹrù yẹn fúyẹ́. Ihò lásán nínú idẹ ni. WR-28 tó ń ṣiṣẹ́ láti 26.5 dé 40 GHz, ihò rẹ̀ jẹ́ 7.112 mm sí 3.556 mm. Ẹni tó bá lè wọn ihò yẹn dáadáa ti ní ìdajì calibration kit lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí VNA kékeré yín máa ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, láti 3.5 dé 6 GHz. Ẹ wá mixer méjì (ohun tó ń da ìgbì méjì pọ̀ di òmíràn) àti orísun kan tó ń fúnni ní 23.5 GHz, òun là ń pè ní LO. Ẹ pín LO yìí sí méjì, kí ó bọ́ àwọn mixer méjèèjì. Mixer àkọ́kọ́ á gbé 3.5 GHz lọ sí 27, á gbé 6 GHz lọ sí 29.5. Ìgbì náà á gba ara ohun tí ẹ ń wọ̀n kọjá, mixer kejì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 3.5 dé 6 padà, VNA yín á sì kà á bí ẹni pé ibẹ̀ ló wà látilẹ̀wá. Nítorí pé LO kan náà ló gbé e gòkè tó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí LO bá yẹ̀ díẹ̀, ohun tó fi kún un nígbà tó ń lọ ló máa yọ kúrò nígbà tó ń bọ̀. Phase yín ò ní fò kiri.

Ẹ máa bi mí pé, ṣebí ìgbì méjì ni mixer máa ń bí, àròpọ̀ àti ìyókù? Bẹ́ẹ̀ ni. 23.5 tí a bá fi 3.5 kún jẹ́ 27, bí a bá sì yọ 3.5 kúrò, ó di 20. Ibi tí waveguide ti ṣe wá lóore nìyẹn. WR-28 kì í gbé ìgbì tó bá wà nísàlẹ̀ 21.08 GHz. 20 GHz tó bá wọ ibẹ̀ á máa kú lọ ni, ní nǹkan bí 1.2 dB (ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí agbára ṣe dín kù tó) lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Waveguide gígùn 5 cm ti gé e lọ́nà 60 dB. Ẹ ò ra asẹ́ kankan, waveguide gan-an ni asẹ́.

Fún èyí tó ń padà, ẹ wá coupler WR-28 kan, ohun tó ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lára ìgbì tó ń padà. HP R752C àtijọ́ tó jẹ́ 10 dB dára púpọ̀, àgbà irin ni. Ẹ jẹ́ kí mixer kejì máa gba ohun tó ti ẹsẹ̀ coupler jáde. Kí ẹ sì fi attenuator (ohun tó ń dín agbára ìgbì kù) 6 dB tàbí 10 dB sí ojú mixer kọ̀ọ̀kan, nítorí mixer fúnra rẹ̀ máa ń ta ìgbì padà.

---

Ọmọ Ìkírun ní Lugbe · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀

Àǹtí, ẹ ṣeun, Olúwa á bùkún yín. Ìgbà mẹ́ta ni mo kà á. 23.5 GHz yìí, níbo ni mo ti máa rí i?

---

Túndé Gwarinpa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, pátákó ADF5355 ń fúnni títí dé 13.6 GHz. Ẹ gbé e sí 11.75, kí ẹ fi doubler sọ ọ́ di 23.5. Fún waveguide, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tú rédíò máíkíróweefù kalẹ̀ lórí máàsì. WR-28 ló máa ń wà lẹ́yìn àwọn rédíò 38 GHz àtijọ́. Bí irin tí wọ́n ń wọ̀n tà ni wọ́n ṣe ń tà á nígbà míì.

---

Kúnlé Bosso · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:31 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un láti Minna níbí. Fún calibration, TRL (thru-reflect-line) ni kí wọ́n lò. Engen àti Hoer ló kọ ọ́ jáde ní 1979. Ohun mẹ́ta péré ló ń fẹ́: kí ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi irin dí wọn, kí ẹ sì fi waveguide kúkúrú kan sáàárín. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti mọ gígùn kúkúrú yẹn gan-an. Bó bá ti jẹ́ pé ihò rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti waveguide yòókù, ó parí.

---

Àǹtí Ìgbì, Zaria · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Kúnlé, òótọ́ lo sọ nípa TRL, inú mi dùn pé o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n TRL ń fẹ́ ẹ̀rọ tó lè rán ìgbì láti ẹnu méjèèjì, kó sì ka èyí tó lọ àti èyí tó padà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. VNA kékeré yẹn, ẹnu kan ló ń rán, ẹnu kejì kàn ń gbọ́ ni. Mixer méjì tí mo sọ yẹn ò sì lè yí ìhà padà. TRL ò ní bá a mu.

Èyí tó bá a mu ni short mẹ́ta, irin tó dí ihò ní ibi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ wà lẹ́nu ihò gan-an. Ìkejì wà lẹ́yìn awẹ́ idẹ tó nípọn 2.71 mm, ìkẹta lẹ́yìn èyí tó nípọn 5.42 mm. Ní 28 GHz, gígùn ìgbì nínú WR-28 jẹ́ 16.26 mm. Nítorí náà 2.71 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà, 5.42 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìgbì ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà phase àwọn short mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi 120 dígírì jìnnà síra. Bí ààrò mẹ́ta tó gbé ìkòkò dúró ni. Ẹ ò ra matched load, ohun tó ń gbé gbogbo ìgbì mì láìdá a padà.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí TRL ni pé níbí, ẹ GBỌ́DỌ̀ mọ nínípọn awẹ́ náà. Ìṣìnà 0.02 mm fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 dígírì ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ fi mìkírómítà wọ̀n ọ́n ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lo nǹkan tí ẹ bá kà, ẹ má lo 2.71 tí mo kọ síbí. Fún ìṣirò, scikit-rf ti ní gbogbo rẹ̀ nínú, Python ni, ọ̀fẹ́ ni.

---

Ẹlẹ́rọ Ọ̀fà, Kàdúná · Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Ẹ gbé awẹ́ yẹn wá sí ọjà Panteka níbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírílì lu ihò onígun mẹ́rin nínú idẹ fún yín, kò ní í tọ́ láéláé. Ohun tí èmi àti Màlámù tó ń lo léètì ṣe nígbà kan rèé: ẹ gé awẹ́ kan láti ara waveguide gan-an, nǹkan bí 8 mm. Ihò tó wà níbẹ̀ ti pé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ wá gbẹ́ àlàfo sí àárín pátákó idẹ kan kí awẹ́ náà wọ̀ ọ́ ṣinṣin, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́. Kí lẹ́ẹ̀dì má wọ inú ihò o. A fi igi tí a gbẹ́ dí inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ igi. Lẹ́yìn náà ni Màlámù gbé e sórí léètì, ó ń bó ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìhà kan kí ó tó kan ìkejì, títí tó fi dé nínípọn tí a fẹ́. Ihò ìdè la lù kẹ́yìn, ìgbà náà la fi flange gan-an (ojú pẹrẹsẹ tí a fi ń de waveguide mọ́ ara wọn) sí i lórí láti fi sàmì.

Ẹ jẹ́ kó ṣe mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Ọ̀kan á bàjẹ́.

---

Ọ̀gá Máàsì, Kano · Ọjọ́rú, 8:15 alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ń ṣe ìsopọ̀ E-band, 71 sí 76 àti 81 sí 86 GHz, kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí. Ọyẹ́ ti dé. Ihò WR-12 tí à ń lò kò ju 3.1 mm sí 1.55 mm lọ. Eruku tó bá wọ ibẹ̀ kì í ṣe eruku mọ́, ògiri ni. Ti 28 GHz fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ máa fi nǹkan bo ẹnu rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ ò bá lò ó. Isopropyl tó jẹ́ 99% ni kí ẹ fi nu connector, omi wà nínú spirit tí ilé ìtajà oògùn ń tà.

Èyí tó burú jù ni iná tó ń gbára jọ sára èèyàn nínú ọyẹ́. Ní àkókò yìí, bí ẹ bá fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn irin, ẹ ó gbọ́ tó ta yín. Kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára, ó ti tó nǹkan bí 3,000 volt. Diode inú mixer kì í yè é. Mo pa mixer méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò mọ̀, mo ń bínú sí wáyà. Ẹ so okùn ilẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì fi ẹnu wáyà kan ilẹ̀ kí ẹ tó dé e mọ́ mixer.

---

Kúnlé Bosso · Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Mo tún ní ìbéèrè kan. Chip radar tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò, bí AWR1443 tó ń ṣiṣẹ́ láti 76 dé 81 GHz, ṣé a ò lè fi wọn ìdérí ní 77 GHz?

---

Àǹtí Ìgbì, Zaria · Ọjọ́bọ̀, 9:48 alẹ́

A lè ṣe é, ọmọ mi, fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Kì í ṣe VNA, ṣùgbọ́n bí ó bá gbá 4 GHz láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó lè ya nǹkan méjì tó fi 3.75 cm jìnnà síra sọ́tọ̀. Fi irin kan sí mítà kan níwájú rẹ̀, kà á. Gbé ìdérí sáàárín, jìnnà sí méjèèjì, tún kà á. Ohun tí ìdérí dá padà á yọ sí ibi tirẹ̀, ti irin á yọ sí ibi tirẹ̀. Ti irin ni kó o wò. Ìgbì gba inú ìdérí kọjá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìdajì iye dB tó dín kù ni ti ìdérí. Ike polyethylene tó nípọn 2 mm á yí phase rẹ̀ ní nǹkan bí 190 dígírì, o ò lè ṣàì rí i. 

Ohun kan fún gbogbo yín: agbára kékeré nínú yàrá kì í ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé horn síta, ẹ lọ béèrè ní NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ní Maitama.

---

Ọmọ Ìkírun ní Lugbe · Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 3:12 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti tò ó tán. Màlámù Panteka ṣe awẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan bàjẹ́ lóòótọ́. Méjì jẹ́ 2.74 àti 5.40 mm, ìkẹta la fi pamọ́ fún àyẹ̀wò, 4.07 mm, ìdámẹ́rin ìgbì.

Wàhálà àkọ́kọ́: phase ń rìn. Mo fi short sí i ní aago mẹ́fà àárọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Títí di aago mọ́kànlá, ó ti rìn tó dígírì 11. Mo rò pé LO ni. Mo pààrọ̀ iná, mo gbé e kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ sórí íńfátà, ó ṣì ń rìn. Tẹ̀mómítà tó wà lórí tábìlì kà 17°C nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 28 nígbà tí mo parí.

---

Àǹtí Ìgbì, Zaria · Ọjọ́ Àìkú, 3:40 ọ̀sán

Wáyà tó ń gbé LO lọ sí mixer méjèèjì, ṣé gígùn wọn dọ́gba? PTFE ló wà nínú wọn, PTFE sì máa ń yí ìrísí padà ní nǹkan bí 19°C. Ibi tí phase rẹ̀ ti máa ń fò jù nìyẹn, òwúrọ̀ ọyẹ́ wa sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, wọn ò ní jọ fò. Gé wọn kí wọ́n dọ́gba, dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n jọ gbóná kí wọ́n jọ tutù, má sì bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

---

Ọmọ Ìkírun ní Lugbe · Ọjọ́ Ẹtì, 10:30 alẹ́

Àǹtí, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí! Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ ní 40 cm. A ṣe wọ́n ní dọ́gba, a fi tépù dì wọ́n pọ̀. Láti aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán, kò rìn ju dígírì kan lọ.

A calibrate pẹ̀lú short mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo dé awẹ́ 4.07 mm tí ẹ̀rọ ò tíì rí rí, mo fi irin dí i lẹ́yìn. Ó yẹ kí phase rẹ̀ fi 180 dígírì yàtọ̀ sí ti short àkọ́kọ́ ní 28 GHz. Ó kà 178. Mo pe ẹnìkejì mi wá wò ó, ó fọwọ́ lérí.

Ó wá kan ìdérí. Fún èyí tó kọjá, horn méjì, a kà á lẹ́ẹ̀mejì bí Túndé ṣe wí. Fún èyí tó padà, a kọ́kọ́ ka yàrá lásán, a ka irin pẹrẹsẹ níbi tí ìdérí máa dúró sí, a wá ka ìdérí, a yọ yàrá kúrò lára méjèèjì. Èyí tó nípọn 1.8 mm jẹ 0.8 dB, ohun tó dá padà sì wà ní 8.3 dB nísàlẹ̀ ti irin. 2.5 mm jẹ 0.5 dB. Ṣùgbọ́n 3.5 mm, tó nípọn jù, 0.1 dB péré ló jẹ, èyí tó dá padà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ìgbà mẹ́rin ni mo tún un wọ̀n. Báwo ni èyí tó nípọn jù ṣe ń jẹ́ kó kọjá jù?

---

Àǹtí Ìgbì, Zaria · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:00 àárọ̀

Nọ́ńbà rẹ tọ̀nà, má dààmú. Nínú polyethylene, gígùn ìgbì 28 GHz dín kù sí nǹkan bí 7.06 mm. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3.53. Ní nínípọn yẹn, èyí tó ta padà lójú iwájú àti èyí tó ta padà lójú ẹ̀yìn ń pa ara wọn rẹ́. Ní ìdámẹ́rin, tó jẹ́ 1.77 mm, ńṣe ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, nǹkan bí 15% agbára ló sì ń padà. Ìyẹn wà ní 8.1 dB nísàlẹ̀ irin. Ìwọ ka 8.3.

---

Ẹlẹ́rọ Ọ̀fà, Kàdúná · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:22 àárọ̀

Mo máa ka èyí fún Màlámù.

---

Ọmọ Ìkírun ní Lugbe · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀

Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa fún oníbàárà lọ́jọ́ Ajé, a ó so ìwé tó fi bí a ṣe wọ̀n ọ́n hàn mọ́ ọn, 3.5 mm la sì máa sọ fún un pé kó mú. Ẹ tún bá mi béèrè bóyá ó lè ṣe awẹ́ WR-15.